Idì Kò Dúró Kí Òjò Ó Dá

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú gbogbo wàhálà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín. Bàbá mi, ẹ kú ìfaradà o. Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi bí ẹnu yín kò tilẹ̀ lè dá mi lóhùn. Mo kí Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibì kankan, àní ibi tó bá fẹ́ mú yín sunkún. Mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìgbájọ, tàgbà tèwe.

Màámi, ẹ óò ní kí ló dé tí mo fi ń kọ ohun tó yẹ kí n sọ lórí fóònù sínú ìwé ìròyìn ìjọ, níbi tí ará ilé àti ará oko yóò ti rí i. Ó ti rẹ̀ mí ni. Láti ìgbà tí mo ti bímọ ni fóònù mi kò ti sinmi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá pè ń bi mí: orúkọ ọmọ ńkọ́? Wọ́n á ní ẹ kú ọwọ́ lómi, ẹ kú ọwọ́ lómi, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi gbẹ bí igi ìdáná. Kí gbogbo yín bá mi kà á níbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má baà máa tún un sọ lójoojúmọ́.

Ọmọ náà wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ọkùnrin ni. Oyún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù keje ni nígbà tó dé bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju búrẹ́dì kékeré kan lọ. Aṣọ tí mo ti lọ rà sílẹ̀ ní ọjà Mile One, ọmọ bíi tirẹ̀ mẹ́ta ló lè wọ inú ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì kan tó ń móoru, wọ́n fi rọ́bà tínrín sí imú rẹ̀, ibẹ̀ ni wàrà ọmú mi ń gbà lọ sínú ikùn rẹ̀. Èmi ni mò ń fún wàrà náà sínú ife, nọ́ọ̀sì á sì gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìwẹ̀, kò sí adín, kò sí pé a ń na apá na ẹsẹ̀ bí ẹ ti ṣe fún Tèmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí mo bí i. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ Ikwerre, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi bá ti sún mọ́ àpótí náà báyìí, á ní madam abeg, make I use eye look am. Ojú ni mo fi ń tọ́ ọmọ mi, Màámi. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí.

Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe: ọ̀sẹ̀ méjì lórí rìgì, níbi tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Orí omi ló wà nígbà tí mo rọbí. Nígbà tó dé, ó dúró níwájú gíláàsì náà, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan olówó iyebíye. Ọkùnrin tó ń tú ẹ̀rọ ńláńlá palẹ̀ tó tún ń tò ó padà, kò rí ohun kan ṣe sí àpótí kékeré yẹn. Ó kàn ń bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá wáyà iná rẹ̀ dára. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n pè é padà, ó sì lọ. Bí kò bá lọ, iṣẹ́ á bọ́, bí iṣẹ́ bá bọ́, kí la óò fi máa sanwó àpótí náà?

Ẹ̀yin náà, Màámi, mo mọ bí ó ti rí lọ́hùn-ún. Àǹtí Bísí sọ fún mi pé láti ìgbà Kérésì tí Bàbá ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ, tí ohùn rẹ̀ sì ti lọ, ẹ kì í lè kúrò nítòsí rẹ̀ ju kí ẹ sáré pọnmi lọ. Ó ní àpò tí ẹ ti dì sílẹ̀ láti wá wẹ ọmọ fún mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, adín wà nínú rẹ̀, kànìnkànìn wà nínú rẹ̀, oyin ìsọmọlórúkọ wà nísàlẹ̀, ẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò yẹn, mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo ṣí omi kí Tèmi má baà gbọ́ ẹkún mi. Ẹ kò lè pín ara yín sí méjì. Èmi náà kò lè pín ara mi. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kẹjọ fún yín, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo gbọ́ orin lórí àtẹ̀gùn. Àwọn ìyá Yorùbá inú ìjọ wa ni, àwọn tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti ní kọ́sítọ́ọ̀mù. N kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́ pé mo ti bí, wọn kò gbọ́ ìyókù, wọ́n sì ka ọjọ́ fúnra wọn bí a ti ń kà á nílé. Wọ́n ru ìkòkò ìrẹsì, wọ́n gbé oyin, iyọ̀ àti ataare, wọ́n tilẹ̀ yá àga oníke. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Èyí tó ṣáájú wọn wo àyà mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó nàgà wo orí bẹ́ẹ̀dì. Bí orin ṣe ń kú lẹ́nu ẹni tó wà níwájú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ṣì ń fi gbogbo ẹnu kọ ọ́. Màámi, àṣà wa mọ ohun tí à ń ṣe nígbà tí ọmọ bá wà, ó mọ ohun tí à ń ṣe nígbà tí kò bá sí mọ́, ṣùgbọ́n ti agbedeméjì yìí, kò sí ẹni tó kọ́ wa. Wọ́n jókòó sórí àga tí wọ́n yá. Wọ́n jẹ ìrẹsì náà, nítorí wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe rù ú padà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ìgò oyin sílẹ̀ lórí fíríìjì mi, ibẹ̀ náà ló wà títí di òní, èèrà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Tèmi ló fi àwọn idì hàn mí. Ẹ mọ ọmọ-ọmọ yín, Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé lọ, Pidgin ló fi ń lá àlá. Tíṣà wọn ló sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan gbé kámẹ́rà sí orí igi ńlá kan níbi tí idì méjì kọ́ ìtẹ́ sí, tí gbogbo ayé sì lè máa wò wọ́n lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ. Kì í ṣe irú idì tiwa. Orí wọn funfun bálaú bí ẹni tó wé gèlè òwú. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo dé láti ilé ìwòsàn láìgbé ọmọ dání, ó ní Mummy come see, dem dey sidon for egg. Bóyá ó fẹ́ kí n gbójú kúrò níbi tí ojú mi wà ni. Ọ̀sán tiwa ni ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, nítorí náà bí mo bá ti kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ti wọ kéké, mo ti ń tan fóònù nìyẹn.

Ẹ ò bá rí wọn, Màámi. Ọkọ àti aya ni wọ́n jọ ń sàba. Bí ọ̀kan bá wà lórí ẹyin, èkejì á lọ wá ẹja. Bó bá dé, èyí tó wà nílẹ̀ á dìde pẹ̀sẹ̀, á fi ẹnu yí ẹyin padà, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó dé á sì jókòó. Wọn kì í fi ẹyin sílẹ̀ lásán. Mo ní, áà, àwọn wọ̀nyí náà ń ṣe iṣẹ́ rìgì, ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀sẹ̀ méjì! Akọ wọn kéré sí abo, ó sì fẹ́ràn kó máa gbé igi gbọọrọ wálé. Abo á wo igi náà, á gbé e láti ọ̀tún sí òsì, akọ á tún gbé e láti òsì sí ọ̀tún. Mo rántí ẹ̀yin àti Bàbá pẹ̀lú àga ìrọ̀gbọ̀kú yẹn, tí ẹ̀ ń gbé e kúrò lójú fèrèsé tí Bàbá ń dá a padà. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí mo ti bímọ.

Bí nǹkan ṣe rí níbí nìyẹn: àárọ̀ níwájú gíláàsì, ìrọ̀lẹ́ níwájú fóònù, wíwò ni méjèèjì. Ẹ ti gbọ́ nípa èéfín dúdú ìlú yìí. Mo fọ aṣọ ọmọ tí kò wọ̀ ọ́, mo sá a, eérú dúdú bà lé e, mo tún un fọ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tó kan aṣọ yẹn báyìí, kí n fi í sílẹ̀. Kí ni kí n wá máa fi ọwọ́ mi ṣe? Ọ̀gá mi ní báńkì fún mi ní ìsinmi ìbímọ, ìsinmi náà sì ń tán lọ láìjẹ́ pé mo gbé ọmọ rí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ níbí, ọ̀nà ilé ìwòsàn á kún fún omi, mo máa ń wọ́dò náà kọjá pẹ̀lú ife wàrà lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Ẹyin àwọn idì náà pa. Ọmọ méjì ni, wọ́n dà bí òwú tí wọ́n rẹ sínú omi eérú. Tèmi jó káàkiri ilé. Ìyá wọn ń já ẹja wẹ́wẹ́, ó ń tẹ orí ba kó lè fi sí wọn lẹ́nu, ẹyẹ tí èékánná rẹ̀ lè gbé ọ̀dọ́ àgùntàn, ó ká èékánná náà sínú kó má baà gún wọn. Mo jowú rẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò, mo jowú ẹyẹ nítorí pé ó lè fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òjò dídì dé síbẹ̀. Kì í ṣe irú òjò tiwa, funfun ni, á máa bọ́ láìdún, á sì máa ga lórí ohun gbogbo. Ó bo igi, ó bo etí ìtẹ́, ó bo ẹ̀yìn ìyá ẹyẹ títí ó fi ku orí nìkan. Kò dìde. Akọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ẹja, ó dúró nínú òjò náà, ó gbé ẹja sílẹ̀, ó sì súnra mọ́ ọn kí ara wọn lè jọ móoru. Tèmi bú sẹ́kún. Ó ní àwọn tó gbé kámẹ́rà síbẹ̀, wọn ò ní agbòjò ni? Why dem no fit carry blanket go up? Mo sọ fún un pé òfin ni, pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án, wíwò ni wọ́n lè wò. Ó wo ojú mi. Ó ní, just like our baby. Àwọn àgbà ní àdìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, ọmọ mi ti rí òógùn mi.

Nígbà tí òjò dá, tí ìyá ẹyẹ dìde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò gbórí sókè mọ́. Ìyá náà fi ẹnu kàn án, ó dúró, ó tún fi ẹnu kàn án. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí já ẹja fún èyí tó kù. Mo pa fóònù náà.

Màámi, obìnrin kan wà tí a jọ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn, ará Abuloma, Mama Boma ni a ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àpótí ọmọ tirẹ̀ àti ti ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ ló ti sọ ọ́ ní Ibinabo. Bó bá ti dé láàárọ̀, á fi ẹnu kan gíláàsì, á pe orúkọ náà, á ròyìn ilé fún un: ẹja tí bàbá rẹ̀ pa, ohun tí Boma jẹ. Ó máa ń bi mí pé wetin be my own pikin name. Mo máa ń sọ fún un pé ọjọ́ kò tíì pé, pé bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Irọ́ náà sì ni. Bàbá ọkọ mi ti di olóògbé, ẹ sì rántí pé nígbà tí a bí Tèmi, Bàbá mi ni àwọn ẹbí ọkọ mi ní kó sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní Bàbá kò lè sọ̀rọ̀ báyìí, ta ni yóò sọ èyí? Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí jù. Bí mo bá pè é lórúkọ tí ó sì lọ, orúkọ náà á kù sí mi lẹ́nu. Wọ́n lẹ̀ plásítà mọ́ àpótí rẹ̀, orúkọ tèmi ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ní Baby Mojísọ́lá. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, Màámi, ilé tí mo sì ń wò, gíláàsì ni.

Ní ọjọ́ kejì tí ọmọ idì kú, mo dé ilé ìwòsàn, mo bá àpótí Ibinabo ní òfìfo, wọ́n ti nù ún mọ́. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Mama Boma wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Mo jókòó tì í, òun ló wá ń tù mí nínú. Ó ní at least the pikin no waka go like stranger, say e get name wey e carry go. Ó ní make I call my own, say e dey hear. Ó dìde, ó sì lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Abuloma.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Níwájú gíláàsì lọ́jọ́ náà, ìyá idì yẹn kò kúrò lójú mi. Kò lè dá òjò dúró, kò sì mọ èyí tí yóò yè nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò dúró kó kọ́kọ́ mọ̀ kó tó ràdọ̀ bò wọ́n. N kò ní agbára kankan, Màámi, n kò ní ìyẹ́, ọwọ́ mi kò tó ọmọ mi. Orúkọ nìkan ni mo ní tí mo lè fi bò ó, mo sì ń fi í dù ú.

Nítorí náà, ẹ tú àpò yẹn. Ẹ mú oyin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jókòó ti Bàbá, kí ẹ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, èyí tí Àǹtí Bísí ní ó ṣì máa ń fi tẹ ọwọ́ yín bí ẹ bá ń gbàdúrà. Ẹ máa dárúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti àwọn baba wa, àti èyíkéyìí tó bá wá sí yín lọ́kàn. Èyí tí Bàbá bá tẹ ọwọ́ yín sí, òun ni. Bí kò bá tẹ ìkankan, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ fún un ní èyí tó wù yín. Mo ti bá ọkọ mi sọ ọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òun yóò dúró níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń mú díẹ̀ lórí rìgì náà. Ọmọ wa kò lè tọ́ oyin wò, kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi kan Bàbá lẹ́nu dípò rẹ̀. Tèmi yóò ṣí ìgò tó wà lórí fíríìjì, yóò fi kan ahọ́n tirẹ̀ náà.

Èmi yóò wà níwájú gíláàsì. Ẹ pè mí, kí ẹ sọ ọ́ fún mi. Màá fi ẹnu kan gíláàsì náà bí Mama Boma, màá sì pe ọmọ mi. N kò mọ̀ bóyá yóò gbọ́. N kò mọ̀ bóyá yóò yè. Ọmọ idì tó kù ṣì ń jẹun, Tèmi ní kí n sọ fún yín.

Kí Ọlọ́run gbé Bàbá dìde fún wa. Kí ẹ̀yìn tí ẹ fi pọ̀n wá má ṣe yín. Kí ọwọ́ yín tó wà lára aláìsàn tún wà nínú omi ìwẹ̀ ọmọ kó tó pẹ́. Ẹ bá mi kí Pásítọ̀, ẹ bá mi kí àwọn ìyá tó ń bá yín gbé Bàbá yí padà, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì kí mi ẹ kú ọwọ́ lómi. Kí wọ́n kí mi ẹ kú ìdúró.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá, ìyá Tèmi, àti ìyá ọmọ tí ẹ óò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.